Sípíkà Kékeré Tí Kò Tà

Oyèdìran, tíṣà ìṣirò kan ní Ìkìrun, kò ní afẹ́ mìíràn ju yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ lọ. Ó ti fi tìmùtìmù àlòkù bo ògiri rẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà àti máìkì sí i, ibẹ̀ ló sì ti ń gba orin àwọn akọrin ìjọ sílẹ̀. Sípíkà tí yóò máa fi tẹ́tí sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù. Ó ń fi dọ̀la dọ̀túnla, títí dókítà fi sọ pé ọjọ́ Ajé ni wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ ọrùn ìyá rẹ̀, àti pé ohùn ìyá lè má rí bákan náà mọ́.

Àṣàbí ni ìyá náà ń jẹ́. Òun nìkan ló kù láyé tó mọ oríkì ìdílé ọkọ rẹ̀ délẹ̀. Oyèdìran ṣì ń rá nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Kò mọ ojú rẹ̀, kò mọ ohùn rẹ̀. Oríkì tí ìyá ń kì láràárọ̀ ni gbogbo bàbá tó ní, ẹ̀rù sì bà á gidigidi.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó gba ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n Múfútáù tó ń ta sípíkà lọ. Oríṣi méjì ni agbára Oyèdìran ká. Ọ̀kan tóbi, iná ń ṣẹ́jú níkùn rẹ̀, ó sì ń mi ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tìtì. Èkejì jẹ́ méjì kékeré dúdú, tòkunbọ̀, tó ti pẹ́ lórí àtẹ débi pé aláǹtakùn ti kọ́lé sí i. Múfútáù fi àwọn méjèèjì gbé ohùn Àṣàbí tó wà lórí fóònù Oyèdìran. Nínú èyí tó tóbi, ohùn náà ki, ó dùn bí oyin, àwọn tó ń kọjá lọ pàápàá dúró. Nínú èyí tó kéré, ohùn arúgbó ni, ó ń mí láàárín ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí bu màmá mi kù."

"Kò bù wọ́n kù, Tíṣà. Bí wọ́n ṣe wà ló ṣe gbé wọn kalẹ̀. Ẹni tó bá ń gba ohùn sílẹ̀, irú èyí ló yẹ kó fi máa gbọ́ ọ."

"Ẹ kàn fẹ́ di ọjà tí kò tà lé mi lórí ni!"

Múfútáù rẹ́rìn-ín, oníṣòwò kì í bá oníbàárà jà. Oyèdìran ka owó sílẹ̀, ó gbé èyí tó ń tan iná lọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun àti ìyá rẹ̀ wọ yàrá. Ooru mú, àánú ìyá ṣe ọmọ, ó sì tan fáànù sí i. Àṣàbí ki oríkì náà títí ó fi dé ìparí, níbi tó ti ń rẹ ohùn sílẹ̀ fún olóògbé: "Àkànní, ọkọ mi, sinmi." Nígbà tí Oyèdìran gbé e sórí sípíkà ńlá, ohùn kún inú ilé, inú rẹ̀ dùn dé ibi tí omijé fi lé sójú rẹ̀.

"Ó dùn o," ni ìyá wí, "ṣùgbọ́n ta nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá. Ẹ ti padà di ọmọge."

Lọ́jọ́ kejì ó lọ ra wáyà lọ́dọ̀ Múfútáù, ó sì mú oríkì náà dání láti fi yangàn. Múfútáù so ó mọ́ sípíkà kékeré. Oyèdìran kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá, ó tẹ etí mọ́ ọn. Ohun tó ń pè ní kíki ohùn, ariwo fáànù ni. Ó ń kùn bí oyin tó há sínú ìgò, ibi tí ìyá sì ti rẹ ohùn sílẹ̀, ó gbé orúkọ mì. "Ọkọ mi, sinmi" nìkan ló gbọ́. Kò gbọ́ Àkànní.

"Ẹ tún un gbé." Wọ́n tún un gbé. Kò sí níbẹ̀.

Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Ó gbé àwọn méjì kékeré náà tòun ti ilé aláǹtakùn, ó ní òun ń dá èyí tó tóbi padà bọ̀. Nígbà tó délé, ó pa fáànù, ó mú abẹ̀bẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ki Bàbá lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Àjàní ọmọ mi, ọ̀fun ń dùn mí."

"Mo mọ̀, Màmá mi. Ẹ forí jì mí."

Ọmọ ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i jẹ́jẹ́ bí ìyá ti ń kì í. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí sípíkà kékeré, wọ́n gbọ́ èémí, wọ́n gbọ́ ọjọ́ orí, wọ́n gbọ́ ìrora, wọ́n sì gbọ́ Àkànní ketekete. Ìyá gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí. "Èmi nìyí," ló wí.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, ṣùgbọ́n ohùn Àṣàbí kò padà ju ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Láràárọ̀, kí Oyèdìran tó lọ sílé ẹ̀kọ́, wọ́n á jókòó síwájú sípíkà kékeré méjèèjì, ẹnu ìyá á máa bá ohùn ara rẹ̀ lọ. Tó bá kan orúkọ bàbá, ọmọ ni í pè é sókè fún òun àti ìyá.

Gbogbo ẹni tó bá wá ra sípíkà ni Múfútáù ń sọ ìtàn yìí fún. Wọ́n á mirí, àwọn mìíràn á nu ojú, wọ́n á sì na ìka sí èyí tó ń tan iná. Ẹ má bi mí bóyá òwe ló ṣáájú sípíkà. Ní àdúgbò Múfútáù, inú ìtàn yìí ni wọ́n ní a ti bí òwe náà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ibẹ̀ fi ń pa á lówe pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.