Ọkọ̀ Tí Wọ́n Là ní Etí-Àbàtà

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé kò tó? Ta ló gbójú sókè wo sánmà tó lọ rẹrẹ báyẹn, tó wá rò pé ó há, tó fi di pé wọ́n ń fi òwe dá a lóhùn? Ẹnìkan rò bẹ́ẹ̀ rí. Ìlú kan tó ń jẹ́ Etí-Àbàtà, létí ọ̀sà, ni wọ́n ní òwe náà ti ṣẹ̀ wá, irọ́ ni wọ́n sì ní ó bí i.

Àbàtà tó wà lẹ́yìn ìlú náà kì í ṣe ibi ìpẹja, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ibi ìṣọdẹ. Ti àwọn ẹyẹ ni. Àgùfọn àti pẹ́pẹ́yẹ odò ń gbé ibẹ̀ tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Bí ọyẹ́ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, àwọn mìíràn á dé láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Wọ́n á bá àwọn onílé jẹun títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀, wọ́n á sì tún bá tiwọn lọ. Àlejò ọyẹ́ ni ìlú ń pè wọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún, gbogbo ìlú á wọ ọkọ̀ lọ kí wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbóhùn sókè lórí omi, nítorí wọ́n gbà pé àlejò tí a bá fi ariwo lé kì í padà wá.

Adúlójú àti Ọ̀sátúyì àbúrò rẹ̀ ni bàbá wọn fi àbàtà náà sílẹ̀ fún, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n sì máa fi ọkọ̀ gbé àwọn tó bá fẹ́ wo ẹyẹ. Àbúrò mọ ọkọ̀ tù ju ẹ̀gbọ́n lọ. Òun ni gbogbo ènìyàn ń béèrè. Ní ọdún kan, wọ́n bá àgùfọn kan nínú okùn tí ẹnìkan dẹ sáàárín koríko. Ó ti kú. Adúlójú dìde níwájú ìlú, ó ní òun rí Ọ̀sátúyì níbi tó ti ń dẹ okùn náà.

Ẹni tó bá pa ẹyẹ àbàtà, wọn kì í nà án, wọn kì í lé e nílùú. Ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń là sí méjì lójú rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀pá ìtukọ̀ mọ́ láyé, àfi bí ẹni tó fẹ̀sùn kàn án bá jẹ́wọ́ irọ́ lórí omi kan náà, létí gbogbo ìlú. Ẹ sì wò ó: ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú ń wà lórí omi náà, ọjọ́ náà gan-an ni ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbóhùn sókè. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó gba ọ̀pá rẹ̀ padà rí.

Wọ́n la ọkọ̀ Ọ̀sátúyì. Kò tíì gbéyàwó nígbà náà; kò sì rí ẹni tó máa fẹ́ apẹyẹ. Ó kọ́ ahéré sórí yanrìn létí omi, ó ń hun agbọ̀n, ó ń dá sè, ó ń dá jẹ. Bí ó bá sín, òun náà ló ń kí ara rẹ̀. Wọ́n ní kó gbàgbé. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ wọn ṣì wà lódindi. Bí ẹyẹ bá ń kọjá lókè, á gbé agbọ̀n sílẹ̀, á máa wò wọ́n títí wọn yóò fi wọ inú àbàtà. Ọdún gorí ọdún, débi pé ikùn ẹyẹ nìkan ló mọ̀. Kò rántí bí ẹ̀yìn wọn ti rí mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ tí ìlú ń lọ kí àwọn ẹyẹ ku ọ̀la, Abẹ́jẹ, ìyàwó Adúlójú, wá sí ahéré náà.

"Ọkọ mi, mo kí yín."

"Ta ló rán ọ?"

"Ẹsẹ̀ mi ni."

"Ẹsẹ̀ rẹ mà mọ ibi tí ìyọnu ń gbé o."

Abẹ́jẹ rẹ́rìn-ín, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fi ìjókòó lọ̀ ọ́. "Ojú ẹ̀gbọ́n yín ti ń ṣú. Bíi kùrukùru ni gbogbo nǹkan rí lójú wọn. Wọ́n ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ wá jókòó síwájú ọkọ̀ lọ́la, kí ẹ máa bá àwọn wo ọ̀nà."

"Lọ́jọ́ tí wọ́n ń la ọkọ̀ mi, ojú Adúlójú ríran kedere."

Abẹ́jẹ gbọ́ bó ṣe pe orúkọ náà lásán, bí ẹni pe ọmọdé. Kò fi ṣe ìjà.

"Ṣé kò sí ẹlòmíì nílùú ni?"

"Wọ́n pọ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n ní kí n pè. Ọkọ mi, jíjókòó kì í ṣe títukọ̀, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Àbí abẹ́ ìyẹ́ lẹ fẹ́ máa wò títí ẹ ó fi kú?"

Ọ̀sátúyì fa agbọ̀n rẹ̀ mọ́ra, ó ń hun ún lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Adúlójú bá a níwájú ọkọ̀, tó ti jókòó, tó kọ ẹ̀yìn sí i.

Wọ́n gbéra, ọkọ̀ àwọn ará ìlú tẹ̀ lé wọn. Bí ọ̀nà bá yà sápá òsì, Ọ̀sátúyì á fi ìka kan etí ọkọ̀ lápá òsì. Bó bá yà sọ́tùn-ún, á kàn án lọ́tùn-ún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti ọ̀pá síbẹ̀. Wọ́n lọ báyẹn títí kùkùté igi kan fi yọrí lójú omi. Ọ̀sátúyì ká ọwọ́ mọ́ àyà. Gbà! Ọkọ̀ kọ lù ú, Adúlójú fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sómi.

Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "O rí kùkùté yẹn."

"Mo rí i."

"O ò sì kan ọkọ̀."

"Ẹnìkan náà rí mi rí, níbi tí n kò sí."

Adúlójú tún ọ̀pá dì mú. Ó ti ọkọ̀ kúrò lára igi, wọ́n sì yọ sí gbangba omi. Ẹyẹ ló kún ibẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àgùfọn dúró gangan. Àwọn àlejò ọyẹ́ ń ti ẹnu bọ ẹrẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ wọn. Ẹ̀yìn wọn rèé! Ó pọ́n bí ewé gbígbẹ, ó ní àmì wínníwínní bíi ti ẹtù. Ọ̀sátúyì yíjú láti fi han ẹnìkan. Nígbà tó rí i pé Adúlójú nìkan ló wà nínú ọkọ̀, ó yíjú padà.

"Ṣé wọ́n wá?" ni Adúlójú bi í.

"Wọ́n wá."

"Ṣé wọ́n pọ̀?"

"Wọ́n pọ̀."

Adúlójú jókòó, ó gbé ọ̀pá lé itan. Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. "Ọ̀sátúyì, èmi ni mo dẹ okùn yẹn."

Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀sátúyì ti ń retí láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó gbọ́ ọ tán, kò sì rí ìtura kankan nínú rẹ̀. Bí ẹni fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ní ìrì lá.

"Ta lo ń sọ ọ́ fún?"

"Ìwọ ni."

"Èmi ti mọ̀. Kì í ṣe èmi lo parọ́ fún."

"Bí mo bá gbóhùn sókè, wọ́n á fò lọ. Bí wọn kò bá padà wá ńkọ́? Ìlú á máa fi mí bú."

"Wọ́n ti ń fi èmi bú. Kò pa mí. Kò sì jẹ́ kí n yè."

 Ọkọ̀ mì: Adúlójú ló dìde.

"Ẹ̀yin ará Etí-Àbàtà!"

Àbàtà dìde. Ìró ìyẹ́ wọn dà bí ìgbà tí òjò ńlá bá ń bọ̀ lórí igbó, òjìji wọn sì bo gbogbo ọkọ̀. Àwọn ènìyàn fọwọ́ bo ẹnu. Adúlójú kọ ojú rẹ̀ tó ti ń ṣú sókè, ẹ̀rù bà á.

"Ọ̀sátúyì, wọ́n ń forí gbárí? Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àtonílé àtàlejò, wọn ò pa ara wọn?"

Ọ̀sátúyì wò wọ́n títí. "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìyẹ́ kan kò kan ìkejì."

Omi bọ́ lójú Adúlójú. Ó kọjú sí ibi tó ti ń gbọ́ ìró ọkọ̀ àwọn ará ìlú, ó sì ké tó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá:

"Èmi ni mo dẹ okùn, èmi ni mo pa àgùfọn. Àbúrò mi kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀. Mo rò pé omi yìí kéré fún àwa méjèèjì. Mo parọ́ fún yín, mo sì parọ́ fún ara mi. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra!"