Ohùn Tí Ìfẹ́ Fi Aṣọ Bò

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan ní Òkè-Ògùn, iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni ó fi ń jẹun. Kì í ṣe olówó. Ohun tí ó ní kò ju ilé oníyàrá mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì, àti ìyàwó kan tí gbogbo àdúgbò ń gbé ọmọ tuntun wá fún kí ó bá wọn wẹ̀.

Obìnrin yìí mọ ọmọ wẹ̀. Yóò jókòó lórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, yóò tẹ́ ọmọ lé e. Yóò fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, yóò fi òrí ra á lára, yóò na apá rẹ̀, yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò sì máa kọrin sí i. Kì í ṣe orin ńlá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń hun ún bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ:

Omi gbóná, omi tútù, ẹ pàdé lára ọmọ mi.
Apá yìí yóò gbé igbá, apá yìí yóò gbé ìwé.
Má sunkún mọ́, àlejò, ilé ni o dé.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá tún rédíò alágbohùnsílẹ̀ ẹnìkan ṣe tán, ó ní láti dán an wò bóyá ó ń gba ohùn. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì àlòkù kan ni ó fi ń dán wọn wò, ohùn tí ó bá sì wà nítòsí ni yóò gbà. Ohùn tí ó wà nítòsí láràárọ̀ ni ti ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Báyìí ni ó ṣe ń tọ́jú ohùn obìnrin náà fún ogún ọdún, láìmọ̀ pé òun ń tọ́jú ohunkóhun.

Obìnrin náà kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Ìbídùn, ti lọ sí ìlú òtútù lókè òkun nígbà náà. Nígbà tí ọkùnrin náà fi máa rántí àwọn kásẹ́ẹ̀tì yìí, ọ̀rinrin ti ń bà wọ́n jẹ́. Ó ń fi wọ́n sínú rédíò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gba ohùn inú wọn sínú kọ̀ǹpútà kan tí ó yá. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ti kọrin rẹ̀ tán, á já, bí ẹni pé ohun tí ó ń dúró dè nìyẹn. Orin mẹ́tàlélógún ni ó rí kó jọ.

Wọ́n sọ fún un pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà tí wọn yóò bá a gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sórí ayélujára, tí yóò máa san owó fún wọn lóṣooṣù bí ẹni háyà ilé. Agbára rẹ̀ kò ká a. Ó ní ilé tòun kúkú wà. Ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Kò nílò ojú rẹ̀, inú rẹ̀ ni ó ń wá. Ó fi dísìkì méjì sínú rẹ̀, ìyẹn ni ikùn tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, kí èkejì lè máa ṣe ẹ̀dà èkíní. Ó so bátìrì àti páńẹ́ẹ̀lì sólà kan mọ́ ọn, kí ó má baà kú nígbà tí iná bá lọ. Ó gbé e sórí tábìlì nínú yàrá tí ìyàwó rẹ̀ ń sùn tẹ́lẹ̀, ó sì ṣí ojú ìkànnì láti ibẹ̀ síta. Ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkànnì náà, bí ẹni kọ orúkọ sára ògiri ilé. Ẹnikẹ́ni láyé lè wọlé kí ó gbọ́ orin.

Ìbídùn bímọ. Kò sí ìyá tí yóò bá a wẹ ọmọ. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, aṣọ tí ó rẹ sínú omi ni ó fi ń nu ọmọ náà lára, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé yóò bọ́ lọ́wọ́ òun. Ní ọjọ́ kẹwàá, bàbá rẹ̀ ní kí ó ṣí ìkànnì náà, kí ó gbé fóònù rẹ̀ sí etí báfù. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ jáde, omi ń ta ṣààṣà lẹ́yìn ohùn náà. Ìbídùn gbé ọmọ sínú báfù. Ó wẹ ọmọ rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Iná kékeré kan wà lára ẹ̀rọ náà, aláwọ̀ ewé. Bí ẹnìkan bá ń gbọ́ orin, yóò máa ṣẹ́jú. Ní ọjọ́ yẹn, ọkùnrin náà dúró nínú yàrá, ó ń wò ó bí ó ti ń ṣẹ́jú, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Rò ó wò, ọmọ mi. Àpótí kan tí iná tí ó ń jẹ kò tó ti gílóòbù kan, nínú yàrá tí ó ń rùn káfúrà, ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Obìnrin tí ó ti lo ọdún mẹ́rin nínú ilẹ̀ ń ti ibẹ̀ wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ibi tí yìnyín ti bo gbogbo ojú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ yìí tóbi ju ẹnu mi lọ.

Ọkùnrin náà ní ẹ̀gbọ́n kan obìnrin, opó ni, ó wá ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ láti máa bá a se oúnjẹ. Ó rí iná náà.

"Kí ni nǹkan tó ń ṣẹ́jú sí mi yìí?"

"Ìbídùn ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń wẹ ọmọ. Ìyá rẹ̀ ló ń kọrin fún un."

"Ìyá rẹ̀ wà nínú ibí?"

"Ohùn rẹ̀ ló wà níbẹ̀."

"Ó wà nínú ibí, ìwọ wá gbé e kalẹ̀ báyìí bí ẹni gbé gààrí kalẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yìí ti fẹ́ràn àpótí náà bí ẹ̀mí ara rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ti fèrèsé yàrá náà pa nítorí eruku. Lẹ́yìn náà ó ṣàkíyèsí pé iná ń ṣẹ́jú nígbà tí Ìbídùn ti sùn.

"Ta tún nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀. Àwọn ẹlòmíràn máa ń wá gbọ́ ọ."

"Àwọn wo? Àwọn wo ló ń wọ yàrá ìyàwó rẹ láìkí onílé?"

"Wọn ò mú nǹkan kan lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n kàn ń gbọ́ ọ ni."

"Ẹni tó ń gbọ́ lónìí ló máa jí i lọ́la. Ìwọ náà ṣe bí ẹni tí kò gbé ayé rí."

Ó ń wí i láàárọ̀, ó ń wí i lálẹ́, títí ọkùnrin náà fi fi ọ̀rọ̀ àṣírí kan ti ìkànnì náà. Òun àti Ìbídùn nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Iná kò ṣẹ́jú lásán mọ́. Ọkàn obìnrin náà balẹ̀.

Ọyẹ́ dé, eruku pọ̀. Ọkùnrin náà lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ìlú mìíràn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú aṣọ funfun kan tí a fi òwú hun, irú èyí tí a fi ń bo tẹlifíṣọ̀n, ó fi bo àpótí náà. Ó dára lójú. Nígbà tí eruku tún ń gba ojú ihò aṣọ náà wọlé, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì lé e. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí sókè sódò bí ẹni tí ń hanrun. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó ti rí ibi sùn dáadáa."

Ní ọjọ́ kẹrin, Ìbídùn pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá mi, Màmá ti dákẹ́."

Ọkùnrin náà sáré wálé. Nígbà tí ó ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì náà, ooru gbá a lójú bí ìgbà tí a ṣí ìkòkò lórí iná. Kò sí ibi tí ẹ̀rọ náà lè gbà mí. Dísìkì méjèèjì tí ó kà sí ẹ̀dà ara wọn, inú ikùn kan náà ni wọ́n wà, ooru kan náà ni ó pa wọ́n. Ó fi gbogbo ohun tí ó mọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Orin kan kò jáde.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Eruku ni mo ń lé," ni ó ń wí ṣáá.

Ní òkè òkun, Ìbídùn gbìyànjú láti dá orin náà kọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbàgbé. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Tí Màmá bá ń kọ ọ́, mo mọ̀ ọ́n. Tó bá ku èmi nìkan, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́." Ó padà sí fífi aṣọ nu ọmọ rẹ̀ lára.

Ní ọjọ́ kẹjọ tí ẹ̀rọ náà ti kú, fóònù ọkùnrin náà dún níbi tí ó gbàgbé rẹ̀ sí nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e.

"Ẹ kú ilé o, mà. Ṣé ilé àwọn tó ni orin ìwẹ̀ nìyí?"

"Ìwọ ta ni?"

"Ẹ ò mọ̀ mí, mà. Kàdúná ni mo wà. Mo rí i pé ẹ ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́sí, mi ò bínú, ẹ̀yin lẹ ni ín. Àmọ́ láti ọjọ́ mélòó kan, ilẹ̀kùn gan-an ni mi ò rí mọ́. Ọkàn mi ò balẹ̀, ni mo bá pe nọ́ńbà yín tí mo ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní kí nǹkan má ti ṣe ìyá tó ń kọrin."

"Ìyá tó ń kọrin ti kú tipẹ́," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Èmi ni mo tún wá fi ọwọ́ ara mi pa á lẹ́ẹ̀kejì."

"Ẹ ò pa á o, mà. Ó wà lọ́wọ́ mi."

Ó ní ìyá tòun kú ní ọjọ́ tí ó bí òun. Nígbà tí òun bí ìbejì, orin yìí ni ó kọ́ òun ní ọmọ wíwẹ̀. Ṣùgbọ́n dátà wọ́n, òun kò lè máa rà á lójoojúmọ́, ni òun bá kó orin mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún sínú fóònù òun. Níbi tí àwọn ìyá ti ń tò fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, òun fún obìnrin kan, ìyẹn fún ẹlòmíràn. Ọ̀kan ti gbé e lọ sí Kùtọnu.

"Mi ò mọ iye ilé tó wà mọ́, mà. Mo jí i ni. Ẹ forí jì mí."

"O jí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọlọ́run á bù kún ọ, ìwọ olè yìí," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́, mà, omi ìwẹ̀ àwọn ìbejì mi ló wà nílẹ̀ yìí." Obìnrin ará Kàdúná náà gbé fóònù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ omi náà, ó tan orin. Ohùn aya àbúrò rẹ̀ jáde láti Kàdúná, àwọn ìbejì ń pariwo lábẹ́ rẹ̀, ìyá wọn sì ń gbè é. Ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ó wà. Ó bo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí ó bá ara rẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run.

Ọjọ́ náà gan-an ni orin mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún dé padà. Ọkùnrin náà fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Ìbídùn, ó gbé ọ̀kan lọ sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fi ọ̀kan sínú àpótí àlòkù mìíràn. Nígbà tí ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àṣírí tì í, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí."

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò títí, ẹnu ṣì ń yà mí. Ọwọ́ tí ó fẹ́ràn ohùn náà jù ni ó sé e léèémí. Ọwọ́ tí a kò mọ̀ rí ni ó pa á mọ́.

Ìwọ ni mo ń sọ ọ́ fún, ọmọ mi. Ọjọ́ kẹrìndínlógún rèé tí o bímọ. Ìyá ọkọ rẹ ti wà ní pálọ̀ rẹ láti ọjọ́ kẹta, aṣọ ọmọ ni ó ń ká, kò tíì gbé ọmọ. O ní ọwọ́ àgbà kò mọ́. O ní orí ọmọ kò tíì le. O ti ilẹ̀kùn, o ti fèrèsé, ìwọ nìkan ni o ń wẹ̀ ẹ́, ìwọ nìkan ni o ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ojú rẹ sì ti wọnú.

N kò bá ọ wí. Ẹ̀rù tí ń bà ọ́, mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà kì í sùn nítorí rẹ, bí o ti dàgbà tó yìí. N kò sì ní kí o gbé ọmọ fún gbogbo ayé. Ọwọ́ mìíràn wà tí kò yẹ kí ó kàn án, ojú rẹ yóò fi í hàn ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀, inú ewu ni ó wà. Ọjọ́ tí àárẹ̀ bá gbé ọ dè, ta ni yóò mọ ẹkún ebi rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹkún oorun? Ta ni yóò mọ ẹ̀gbẹ́ tí ó fẹ́ràn láti fi sùn?

Bí ilẹ̀ bá mọ́, gbé omi kaná. Pe ìyá ọkọ rẹ wọlé. Jẹ́ kí ó jókòó, kí ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú. Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà ọ́, kò burú. Ṣáà gbé ọmọ náà fún un.