Ìrìn Àjò Láṣebíkan Nínú Ikùn Ìyá Rẹ̀

Mo kí yín o, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, tí òórùn ọbẹ̀ ṣì wà ní èékánná yín. Ìyanu tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹni tí kò bá ṣọ́ra lè tìtorí rẹ̀ bì.

Ọdẹ kan wà tí ń jẹ́ Láṣebíkan, afínjú bí àdàbà, ẹni tí í fi ewé nu ìdí àwo kí ó tó jẹun. Ìyá rẹ̀, Àyọ̀ká, jẹ àgbálùmọ̀ tèèpo-tèèpo títí ìfun rẹ̀ fi dí. Ikùn rẹ̀ wú bí ìkòkò aró, kò lè yàgbẹ́ mọ́, ikú sì ti ń yọjú. Ni iwin odò kan tí ọdẹ náà lọ bẹ̀ bá sọ ọ́ di kékeré bí ẹ̀gúsí, ìyá rẹ̀ sì fi ẹ̀kọ mímu gbé e mì kí ó lè lọ ṣí ọ̀nà.

Họ́wù! Díẹ̀ ló kù kí eyín lọ̀ ọ́ kúnná. Ó já sínú adágún kíkan tí ń hó bí ọṣẹ, níbi tí ẹran àná ti ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Ó jáde níbẹ̀, òróòro aláwọ̀ ewé tú lé e lórí, ó sì korò dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Nínú ìfun kékeré, àìmọye ọwọ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ń fa ohun dáradára inú oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń ti ìyókù síwájú bí ẹni ń lé àlejò burúkú. Ẹ̀yin ará, oúnjẹ tí ó wọlé bí ọba, ẹ wò ó bí ó ti ń jáde lọ!

Nígbà tí ó dé ìfun ńlá, òórùn mú omi jáde lójú rẹ̀. Àwọn iwin kéékèèké tí ara wọn ń yọ̀ bí ilá ń ti èèpo àgbálùmọ̀ tí ó ti di odindi ògiri. Láṣebíkan fi ọwọ́ di imú, ó tutọ́, ó sì fẹ́ gba àárín wọn kọjá láìkí ẹnikẹ́ni. Ni gbogbo wọn bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n jókòó.

"Ọ̀gbẹ́ni afínjú," ni olórí wọn wí, "ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé yín?"

"Ibí yìí ń rùn!" ni ọdẹ dáhùn.

"Ẹ̀bà tí ìwọ àti ìyá rẹ jọ jẹ ni. Tìrẹ náà ń rùn báyìí, ẹlòmíràn ló kàn ń bá ọ gbé e."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Lójijì ni Àyọ̀ká kérora, gbogbo ìfun sì gbọ̀n. Láṣebíkan mú ọwọ́ kúrò nímú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹ̀gbin náà títí ẹ̀gbin fi kan irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ kú ìnira. Ẹ jẹ́ ká jọ tì í."

"Ehn-ẹn! Tì í dáadáa, ọmọ Àyọ̀ká, má fi ìka méjì tì í bí ìyàwó tuntun!"

Wọ́n tì í, ògiri yẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ya jáde sí ẹ̀yìnkùlé, tòun ti ọdẹ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀ ni ó tóbi padà. Àyọ̀ká mí kanlẹ̀, ikùn rẹ̀ rọ̀, ó wẹ̀yìn wò.

"O ṣeun, ọmọ mi, o gbà mí lọ́wọ́ ikú," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, jìnnà sí mi."

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, bí ẹ bá rí ẹni tí ń kó ẹ̀gbin, ẹ kí i. Ó ń rùn lóòótọ́, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá kọ̀ tí kò kó o mọ́, inú rẹ̀ ni gbogbo wa yóò sùn.