Pèpéle Kìíní ní Ìdí-Ọdán

"Ibi tí ẹni tó ń kà bá dúró sí ni ení ti í bẹ̀rẹ̀." Ní Ìdí-Ọdán, kò sí àgbà tí kì í pa òwe yìí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí náà ń pa á, wọ́n á sì mi orí bí ẹni pé àwọn ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n pé ta ni ó ń kà, àti pé kí ni ó ń kà, wọn á máa wo ojú ara wọn. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ mọ ibi tí ó ti hù? Kì í ṣe iṣu ni wọ́n ń kà, kì í sì í ṣe àgbàdo. Pèpéle ọkọ̀ ojú irin ni.

Láyé ìgbà tí èédú ń gbé ọkọ̀ ojú irin rìn, tí a sì ń fi fèrè rẹ̀ mọ àkókò oúnjẹ ọ̀sán, Ìdí-Ọdán kì í ṣe ìlú tí ọkọ̀ ń ré kọjá. Ojú irin kan ṣoṣo ló wá láti Èkó lọ sí Òkè Ọya, tẹ́ṣàn wa sì ni ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ti máa ń yà fún ara wọn. Ojú irin pín sí méjì níbẹ̀, pèpéle tí èrò ń dúró sí kí wọ́n tó wọkọ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Èyí tó wà níhà ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ mọ, òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ èkejì sí òdìkejì, wọ́n sì kó ọ́fíìsì ọ̀gá tẹ́ṣàn lọ sí ìdí rẹ̀. Èyí tó bá ṣófo nínú méjèèjì ni wọ́n ń darí ọkọ̀ sí.

Wọn kò kọ nọ́ńbà kankan sára pèpéle nígbà náà. Ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ ni nọ́ńbà wà, èdè òyìnbó ni wọ́n sì fi ń pè é láàárín ara wọn. Láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń kà á: èyí tí ẹsẹ̀ wọn bá kọ́kọ́ tẹ̀ ni kìíní, èyí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ni kejì. Ta ni yóò sọ irú ìyẹn fún ará Ìdí-Ọdán? Àwa tí a mọ̀ pé ìyàwó tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, ì báà jẹ́ yàrá ìkẹyìn ni wọ́n fún un! Ta ni yóò pe ọmọ àná ní àkọ́bí? Pèpéle olókùúta ni kìíní lọ́dọ̀ wa, onísìmẹ́ǹtì sì ni àbúrò rẹ̀. Odidi ọdún mẹ́rin ni ìlú àti àwọn òṣìṣẹ́ fi ń ka nǹkan kan náà lọ́nà méjì, kò sì dun ẹnikẹ́ni. Àfìgbà tó kan Àmọ̀kẹ́.

Àmọ̀kẹ́ ni ọmọbìnrin tó ń ta ọsàn lójú fèrèsé ọkọ̀. Láníyàn, ará Ìsẹ́yìn, ni gáàdì tó máa ń na àsíá aláwọ̀ ewé sókè kí ọkọ̀ tó gbéra. Ọsàn kan ṣoṣo ni Láníyàn máa ń rà, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá sì fi dúró ni yóò fi jẹ ẹ́, tí yóò máa bá Àmọ̀kẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọsàn ló ń jẹ, kó yáa tún un rò. Lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́tà dé. Àmọ̀kẹ́, tó kàwé dé kíláàsì kẹta, jókòó sẹ́yìn ilé, ó kà á ní àkàtúnkà:

"Wọ́n ti gbé iṣẹ́ mi lọ sí Èkó. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni n ó gba ọ̀nà yìí kẹ́yìn. Bí o bá gbà láti fẹ́ mi, dúró dè mí ní pèpéle kìíní, kí n rí ọ, kí n lè rán àwọn ẹbí mi wá. Bí n kò bá rí ọ, mo ti gbọ́ èsì rẹ nìyẹn, n kò sì ní í yọ ọ́ lẹ́nu mọ́."

Ní Ọjọ́bọ̀ náà, Àmọ̀kẹ́ kò gbé àtẹ ọsàn. Aṣọ tuntun ló ró, ó sì lọ dúró sórí pèpéle olókùúta kí oòrùn tó kàtàrí. Ọkọ̀ ẹrù tó kó ẹ̀pà láti Òkè Ọya ló kọ́kọ́ dé, ó dúró síwájú rẹ̀, ó gùn lọ rẹrẹẹrẹ, ó sì dí gbogbo òdìkejì mọ́ ọn lójú. Láìpẹ́, fèrè ọkọ̀ èrò dún láti ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà fò sọ̀kalẹ̀, wọ́n sáré yí ìdí ọkọ̀ ẹrù po.

"Àmọ̀kẹ́, ọkọ̀ èrò ti dé lódìkejì o!" Rẹ̀mílẹ́kún, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló kígbe bẹ́ẹ̀. "Kí lò ń dúró ṣe níbí?"

"Máa lọ," ni Àmọ̀kẹ́ dáhùn. "Ibi tí wọ́n ní kí n dúró sí ni mo dúró sí."

Ẹsẹ̀ ń yún un láti sáré lọ. Ṣùgbọ́n bí òun bá lọ, tí Láníyàn sì gba ibòmíràn yọ, tí kò bá òun níbẹ̀ ńkọ́? Òun fúnra òun á ti kọ̀ ọ́ nìyẹn. Ó dúró bí òpó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Nígbà tí fèrè tún dún, ó wo àlàfo tó wà láàárín wágọ́nù méjì lára ọkọ̀ ẹrù náà, ó sì rí àsíá aláwọ̀ ewé tó lọ sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ tó nà án kò fẹ́ nà án. Ọkọ̀ gbéra. Láníyàn wà níbẹ̀, kò sì wá. Ìyẹn ló dùn ún wọra. Kò mọ̀ pé gáàdì kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀, àti pé gbogbo ojú tó wà lórí pèpéle onísìmẹ́ǹtì ni Láníyàn ti yẹ̀ wò, tí kò rí tirẹ̀.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kọjá. Àmọ̀kẹ́ ti fẹ́ káfíńtà, ó ti bímọ mẹ́rin, ó sì ti di opó. Koríko ti ń hù láàárín irin, ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló kù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá kan tó ń tẹ ọ̀pá sọ̀kalẹ̀, ó ní kí wọ́n mú òun lọ sílé Àmọ̀kẹ́ ọlọ́sàn.

"Àmọ̀kẹ́, ṣé ìwọ nìyí?"

"Èmi ni. Ẹ kú àtijọ́." Ó gbé àga fún un, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ dé lọ́jọ́ náà, ẹ sì fi mí sílẹ̀ sínú oòrùn."

"Èmi kẹ̀? Ìwọ lo ò wá! Kò sí ojú tí n kò wò ní pèpéle kìíní, lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì níbẹ̀."

"Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì?" Àmọ̀kẹ́ dìde. "Ìyẹn ha ni kìíní? Olókùúta ni kìíní! Òun ni wọ́n kọ́kọ́ mọ!"

Láníyàn mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde. Wọ́n jọ rọra rìn lọ sí tẹ́ṣàn. Láníyàn dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó fi ọ̀pá kà á: ení, èjì. Àmọ̀kẹ́ gun orí òkúta lọ, ó dúró síbi tó dúró sí lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, òun náà na ìka: ení, èjì. Wọ́n wá ń wo ara wọn, kò sí ọkọ̀ ẹrù láàárín wọn mọ́. Àmọ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín, kó tó mọ̀, ẹkún ni.

"Ẹ ò purọ́, èmi náà ò sì purọ́," ló wí. "Ibi tí ẹni tó ń kà bá dúró sí ni ení ti í bẹ̀rẹ̀."

Nígbà tí ọkọ̀ Láníyàn fẹ́ lọ, Àmọ̀kẹ́ bó ọsàn kan fún un. Kò gbowó.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹni méjì bá ń pe ara wọn lópùrọ́, tí àgbà sì rí i pé olóòótọ́ ni àwọn méjèèjì, òwe yìí ló máa ń pa fún wọn. Kí o tó sọ pé ẹnì kan já ọ kulẹ̀, bi í pé níbo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìbéèrè kan péré ni: "Èwo lò ń pè ní kìíní?" Láníyàn àti Àmọ̀kẹ́ náà bi ara wọn, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ti lọ kí wọ́n tó bèèrè.