Gọ́tà Iwájú Ilé Ìyá Gbémisọ́lá

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìmọ́tótó, Alága Fájìnmí, tí gbogbo ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ń bẹ̀rù, gbé àgádágodo dání dé iwájú ilé opó kan, Ìyá Gbémisọ́lá. Ó ní, "Òfin wa ni pé onílé kọ̀ọ̀kan ló ni gọ́tà iwájú ilé rẹ̀. Tí mo bá yí àdúgbò ká tán tí mo bá ẹ̀kán omi kan níbí, màá ti géètì yín pa." Bẹ́ẹ̀ omi ìfọṣọ ilé Alága fúnra rẹ̀, tó wà lókè, ni kì í jẹ́ kí gọ́tà ìyá náà gbẹ. Ìyá kò jiyàn. Ó wọ́ àpò yanrìn mẹ́ta jáde, ó tò wọ́n sínú gọ́tà níbi tí ilé méjèèjì ti pààlà, ó gbọ́n omi tirẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi àkísà nu ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí Alága àtàwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi máa padà dé, èèyàn lè sá ata sínú gọ́tà ìyá. Ti Alága ti kún, omi ti ń wọ géètì rẹ̀. Ó pariwo, "Ta ló dí omi yìí?" Ìyá kúnlẹ̀, ó ní, "Èmi ni, sà. Mo ti gbọ́n tèmi. Èyí tó kù, iwájú ilé yín ló wà, mi ò sì lè fọwọ́ kan ohun tí òfin ní tiyín ni." Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá na ọwọ́ sí i: "Alága, ẹ mú àgádágodo yẹn wá."