Òdòdó Tí Ìjímèrè Ní Òun Rí

Ààlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ abẹ́ òṣùpá! Ààlọ̀!

Àlọ́ mi bà sórí Oyin, tó ń gbé ní erékùṣù kan láàárín odò. Òdòdó aláwọ̀ aró mẹ́ta wà níbẹ̀, tí kò sí níbòmíràn láyé. Oyin àtàwọn ọmọ rẹ̀ ló ń tọ́jú wọn.

Ìjímèrè wa ọkọ̀ débẹ̀. Oyin kí i káàbọ̀, ó fún un ní afárá jẹ. Ẹ wá wo ìwọ̀sí! Ìjímèrè hú ọ̀kan nínú òdòdó náà, ó gbé e fún Kìnnìún ọba.

"Kábíyèsí, èmi ni mo rí i! Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀."

Wọ́n fi í joyè. Òdòdó rọ. Ó hú òmíràn wá, ìyẹn náà rọ. Nígbà kẹta, ó hú èyí tó kù. Inú bí Oyin àti gbogbo ilé rẹ̀, wọ́n fò tẹ̀ lé e dé ààfin. Ẹ bá mi gbe orin wọn:

Ta ló ń gbé erékùṣù?
*Oyin ń bẹ níbẹ̀!*
Ta ló ń tọ́jú òdòdó?
*Oyin ń bẹ níbẹ̀!*

Kìnnìún ní, "Ìjímèrè, ṣé o ò rí wọn ni?"

"Mo rí wọn, Kábíyèsí. Ṣé wọ́n ń ka oyin mọ́ èèyàn ni?"

Háà! Ibi tó fi ń jókòó sórí àga oyè gan-an ni wọ́n ta á sí. Ìdúró ló fi wa ọkọ̀ gbé òdòdó padà, ló bá tún un gbìn.

Ẹ lọ bi í lónìí bóyá ẹnìkan ń gbé ibẹ̀. Bí mo bá parọ́, kí oyin ta mí létè.