Agbọ̀n Olú Tí Ìyá Àwẹ̀ró Fi Ránṣẹ́

Ní Ìbàdàn àtijọ́, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró, tí ó ní ilé oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà oko. Ohun tí ìgbà bá mú wá láti oko ìtòsí nìkan ni ó máa ń sè, ìyá rẹ̀ ní abúlé ló sì ń kó wọn ránṣẹ́ sí i. Nínú gbogbo rẹ̀, olú ìgbà òjò ni àwọn oníbàárà fẹ́ràn jù.

Lọ́dún kan, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, àwọn oníbàárà ti jókòó pitimu nígbà tí Ládòkun, àbúrò Àwẹ̀ró, gbé agbọ̀n olú dé. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná. Ìyá ti fi wá sílẹ̀. Inú rírun ni, ilẹ̀ ò sì mọ́ bá wọn. Wọ́n ti di agbọ̀n yín sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀."

Àwẹ̀ró sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn oníbàárà dìde, wọ́n fẹ́ máa lọ.

"Ẹ má lọ," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n se èyí tí ìyá mi ṣà kẹ́yìn, kí ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ sì ṣàdúrà fún wọn."

Aládùúgbò rẹ̀ kan ní, "Gbé e wá kí n bá ọ fọ̀ ọ́. Ẹkún kò ní jẹ́ kí o ríran."

Àwẹ̀ró kọ̀. Ó ń fọ̀ ọ́, omijé ń kán sínú omi. Lójijì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó mú olú kan sókè: ìdí rẹ̀ wà nínú àpò funfun, bí ohun tó hù jáde láti inú ẹyin. Olú apani ni. Ó tún rí òmíràn lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ló yé e pé ojú ìyá òun ti di bàìbàì, ìyá kò sì sọ.

"Ládòkun, kí ni Ìyá jẹ kẹ́yìn?"

"Ọbẹ̀ olú ni. Àwọn ará ilé ti ń se olú tó kù fún àwọn tó wá kẹ́dùn."

"Sáré, àbúrò mi. Da ìkòkò náà nù."

Ládòkun sáré bí ẹni tí ẹkùn ń lé. Wọ́n ti bu ọbẹ̀ náà sí àwo nígbà tí ó wọlé. Ó gbá a dànù lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi kan ẹnu.

Àwẹ̀ró gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó fọwọ́ ara rẹ̀ sin agbọ̀n ìyá rẹ̀, ó sì jókòó tì í. Ebi ni àwọn oníbàárà gbé lọ sílé lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló délé. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.